Ọdẹ Tó Fẹ́ Gbé Ìbọn Sílẹ̀ Láàyè

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Ẹni tó bá ní ìkòkò lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ igbó mẹ́rìndínlógún, mo ti gbọ́ tí erin ń sunkún òkú ọmọ rẹ̀, n kò sì sáré. Ṣùgbọ́n igbó tí ọkùnrin yìí wọ̀, èmi kò wọ̀ ọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tí kò jẹ́ kí n nídìí láti wọ̀ ọ́.

Ọkùnrin náà ń jẹ́ Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ ìlú Ìdó-Àfọ̀n. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kí ó tó fẹnu kan ọmú, wọ́n ti gbé orí rẹ̀ lé ìdí ìbọn. Nígbà tó fi máa di ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ó ti pa ẹfọ̀n mọ́kànlá àti ẹkùn mẹ́ta, àwọn ẹran kéékèèké kò sì lóǹkà. Bí ó bá ń kọjá, àwọn obìnrin á dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró láti wò ó, òun náà á sì rọra rìn kí wọ́n lè wò ó tán.

Ní ọdún yẹn ni ewúrẹ́ ìyàwó rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ìyàwó náà, Ìbídùn, ní kó dúńbú rẹ̀ kí wọ́n fi se ọbẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ yọ ọ̀bẹ, ó di ẹsẹ̀ ẹran náà mú, ó sì gbọ́ bí eegun méjì ṣe ń ha ara wọn lábẹ́ awọ. N kò mọ ohun tó ṣe é. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí eegun fi wọ ipò rẹ̀ padà, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin àti okùn dì í. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewúrẹ́ náà ń sáré kiri àgbàlá, ọdẹ tó pa ẹkùn mẹ́ta sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu omijé. Eegun tó ti ṣẹ́ láyé rẹ̀ kò níye. Èyí ni àkọ́kọ́ tí yóò tò. Lẹ́yìn náà ó to ọrùn ọwọ́ aládùúgbò kan, ó to ojúgun adẹ́mu tó jábọ́ lórí ọ̀pẹ. Inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú omi ìrìbọmi.

Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ fi ìbọn sílẹ̀, pé eegun ni òun fẹ́ máa tò títí ọjọ́ òun yóò fi pé. Ìbídùn rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó jókòó.

“Bàbá Fọlárìn, ìyàwó ọdẹ ni mo jẹ́ láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Bí wọ́n bá bi mí lọ́la pé ta ni ọkọ mi, kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ?”

Ọdẹ́rìnlọ dìde níbẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ àlùfáà ìjọ lọ. Àlùfáà gbàdúrà fún un pé kí Olúwa fún un ní ọkàn ìtẹ́lọ́rùn, ó sì rán an létí pé kó má gbàgbé ẹran tó máa ń mú wá fún ìkórè. Ó wá ku Olúọdẹ, Ògúndìran, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́, tó jẹ́ pé èyí tó kù kì í ṣẹ́.

Ògúndìran gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní, “Nínú ẹgbẹ́ wa, kò sí ẹni tó gbé ìbọn sílẹ̀ láàyè rí. Bí ọdẹ bá kú, a ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ kọ́ igi, a ó gbé e lọ sínú igbó, a ó sọ fún un pé kì í ṣe ara wa mọ́. Ìpà ọdẹ nìyẹn. Òun nìkan ló ń tú wa sílẹ̀. Ìwọ kò tíì kú.”

Ọdẹ́rìnlọ bẹ̀ ẹ́ pé kó ronú ọ̀nà mìíràn. Àgbàlagbà náà wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan wà nítòsí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó ní àwọn ẹ̀wù tí àwọn ń gbé lọ sínú igbó kì í dúró síbi tí àwọn gbé wọn sí. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ń kóra jọ sí, nínú Igbó Àbọ́sílẹ̀. Kí Ọdẹ́rìnlọ lọ bá wọn níbẹ̀. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ẹgbẹ́ yóò gbà. “Ṣùgbọ́n ọjọ́ méje ni mo fún ọ. Bí o kò bá dé kí oòrùn ọjọ́ keje tó yẹ̀ lórí, a ó gbé ẹ̀wù rẹ kọ́ igi. Ẹni tí a bá sì ṣe ìpà rẹ̀ tán, òkú ni. Bí ó bá tún yọjú, a ò ní í kí i, ìyàwó rẹ̀ yóò ṣe opó, ẹlòmíràn yóò sì gba ilé rẹ̀.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Ọdẹ́rìnlọ gbé ìbọn, ó wọ ẹ̀wù ọdẹ, ó jáde. Ìbídùn kò sìn ín. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dúró sí, ọkọ rẹ̀ sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn náà.

Igbó Àbọ́sílẹ̀ kò jìnnà. Ohun tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ilé ara ẹni ni ẹni tó bá ń wá a ti ń rí i. Bí Ọdẹ́rìnlọ ti wọ ibẹ̀, ẹyẹ dákẹ́. Wọn kò dákẹ́ bí ẹyẹ ti ń dákẹ́ nígbà tí àṣá bá ń kọjá. Wọ́n dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde. Ewé ń mì, afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́. Òórùn ẹ̀tù ìbọn wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìró ìbọn kankan.

Nígbà tó wo ẹ̀yìn, ó rí ìyá arúgbó kan tó ń tẹ̀ lé e. Ojú obìnrin náà wà ní ìpàkọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ipasẹ̀ Ọdẹ́rìnlọ nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò kánjú. Ọdẹ́rìnlọ dọ̀bálẹ̀, ó kí i kú iṣẹ́. Kò dáhùn ìkíni. Ìbéèrè ló fi dá a lóhùn: “Kí ni o gbé wọ inú igbó mi, tí kò wúwo, tí kò sí lọ́wọ́ rẹ, tí o kò sì lè fún ẹlòmíràn bá ọ gbé?”

Ọdẹ́rìnlọ rò ó. Ìbọn kọ́, ìbọn wúwo. Àpò kọ́, àpò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn. Bí ó ti ń rò ó ni ìgbálẹ̀ ń sún mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, ibi tí ìgbálẹ̀ náà sì kàn lára rẹ̀ kú tiiri, kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ẹ̀rù bà á. Ó wá ṣe ohun tí àwa ọdẹ máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà wá, èmi náà sì ti ṣe é rí: ó na àyà, ó fi oríkì ara rẹ̀ bọnu. Ó ní òun ni Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ arìnnínúòjò tí kò tutù, ọmọ ẹni tí ẹfọ̀n gbóhùn rẹ̀ tó gbàgbé ọ̀nà ilé.

Ìyá arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà jáde láti ìpàkọ́. “O ti dáhùn,” ni ó wí. “Ohun tí o gbé wọlé gan-an nìyẹn. Máa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí o gbà dé ti tán.” Lóòótọ́, nígbà tí Ọdẹ́rìnlọ tún bojú wẹ̀yìn, igbó ti dí pa.

Lọ́jọ́ kejì ó já sí ìlú kan tó ń jẹ́ Wọ́n-Ní. Ẹ̀yin ará, ojú àwọn ènìyàn ibẹ̀ dán bí ẹ̀yìn igbá. Wọn kò ní imú, wọn kò ní ojú, àfi bí ẹnìkan bá sọ fún wọn pé wọ́n ní. Bí aládùúgbò bá sọ fún ọkùnrin kan pé ebi ń pa á, nígbà náà ni yóò tó wá oúnjẹ lọ. Bí wọ́n bá sọ fún obìnrin kan pé àgbà ti dé sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí Ọdẹ́rìnlọ ti wọ ìlú, gbogbo wọn fẹnu kan náà sọ pé ọdẹ nìyí.

Bí wọ́n ti sọ ọ́ báyìí, ìka rẹ̀ gan mọ́ ìbọn, kò lè tú wọn. Wọ́n ní ẹni bíi tirẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ le. Wọ́n ní kì í sunkún. Ojú rẹ̀ gbẹ títí ó fi ń ta á. Wọ́n fún un ní àga lábẹ́ igi tútù kan, wọ́n ní kó máa sọ bó ṣe pa ẹkùn. Ó sọ ọ́. Wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Àga náà rọ̀ jọjọ, oúnjẹ wọn dùn, ọjọ́ mẹ́ta sì kọjá lára ọjọ́ méje rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń ṣẹ́jú. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn: kò sí ẹni tó dè é mọ́ àga náà.

Lọ́jọ́ kẹta tó lò níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ láti gbàdúrà. Gbogbo àdúrà tó wá sí i lẹ́nu, ohùn ẹlòmíràn ló ń gbọ́ nínú rẹ̀, ti bàbá rẹ̀, ti àlùfáà, ti Ògúndìran. Ó wá dákẹ́ níwájú Ọlọ́run rẹ̀ láìní ọ̀rọ̀ kankan. Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run gbọ́ ìdákẹ́ náà, nítorí nígbà tó dìde, ó rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan ń pọnmi kọjá, apá rẹ̀ òsì sì wọ́ sí ẹ̀yìn bí ẹ̀ka tó ṣẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń pọnmi báyìí. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé apá rẹ̀ ti ṣẹ́, nítorí náà kò mọ̀.

Kò sí ẹni tó sọ fún Ọdẹ́rìnlọ náà pé kó ṣe ohunkóhun. Ìka rẹ̀ ṣí fúnra wọn, ìbọn bọ́ sílẹ̀. Ó mú ọkùnrin náà jókòó, ó fi àtàńpàkò wá ibi tí eegun ti yà, ó sì fà á. Ọkùnrin náà ké. Igbe náà ni ìrora àkọ́kọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ láyé, bó sì ti ń ké ni ojú méjì là sí ibi tó dán yẹn, omi sì ń dà nínú wọn.

“Ta ló ní kí o ṣe é?” ni ó bi í.

“Kò sẹ́ni kankan.”

Gbogbo ìlú gbọ́ ọ. Wọ́n di etí, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní òkúta. Ọdẹ́rìnlọ gbé ìbọn rẹ̀, ó sáré. Ohun tó rí kẹ́yìn ní ìlú náà ni ọkùnrin olójú méjì yẹn, tó dúró láàárín àwọn tí kò ní ojú, tí kò mọ ibi tí yóò yà sí.

Lọ́jọ́ kẹfà ó dé ibi tí òórùn ẹ̀tù ti ń wá. Pápá kan ni, kò ní ògiri, ilẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ bí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá lójoojúmọ́. Ẹ̀wù ọdẹ kún inú rẹ̀, wọ́n tò ní ìlà-ìlà, wọ́n dúró ṣánṣán. Fìlà wà lókè wọn, kò sì sí orí láàárín ẹ̀wù àti fìlà. Ọdẹ́rìnlọ mọ ẹ̀wù bàbá rẹ̀ láti ara aṣọ aláró tí ìyá rẹ̀ fi lẹ̀ ẹ́ léjìká. Ní ìparí ìlà náà, ó rí ẹ̀wù kan tó bá èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ mu láìku òwú kan. Ó ṣófo. Ó sì fi ohùn Ọdẹ́rìnlọ fúnra rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ohùn tó ní nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Ẹ̀wù náà ní, “O pẹ́ kí o tó dé,” ó sì fò mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ẹranko jà rí, ẹ gbìyànjú kí ẹ bá aṣọ jà. Ọdẹ́rìnlọ kò rí ibi dì mú. Bí ó bá gbá a, àyà ara rẹ̀ ló ń dùn ún. Bí ó bá tì í, òun ló ń ṣubú. Apá ẹ̀wù náà lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn láti ìgbà tí oòrùn yọ títí ó fi dé àtàrí, nígbà tó sì fa apá rẹ̀ òsì sẹ́yìn, èjìká Ọdẹ́rìnlọ yẹ̀ kúrò ní ipò. Ó rò pé ó tán. Ó pe orúkọ Olúwa, ó fi ara ti igi kan létí pápá náà, ó di eyín, ó sì ti èjìká náà padà sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀wù náà jọ̀ọ́ rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn.

“Èmi kò mọ èyí ṣe,” ni ó wí. “Níbo ni o ti kọ́ ọ?”

Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ara wọn, bí ẹ̀wù bá lè wo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀wù náà sọ ohun tó fẹ́ gbà. Orúkọ ni ó fẹ́, orúkọ tí wọ́n ti ń pe Ọdẹ́rìnlọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé orí rẹ̀ lé ìdí ìbọn, pẹ̀lú gbogbo oríkì tó so mọ́ ọn. Kó fi í sílẹ̀, kó sì máa mú ara lọ. “Ṣùgbọ́n wọn ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta lójú rẹ. Bí o bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan péré, màá wọ inú ara rẹ, a ò sì ní í pínyà mọ́ títí di ibojì. Bí wọ́n bá sì pè é lẹ́ẹ̀mẹta tí o kò dáhùn, òkú ni ọ́ lójú gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́.”

Ọdẹ́rìnlọ bi í bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀wù náà ní àwọn tó dá àṣà náà sílẹ̀ kò ro ti ẹni bíi tirẹ̀.

Ó yí padà sí ẹ̀wù bàbá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè kan ti wà nínú rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi ìgbà tó jáde. “Bàbá, ṣé ó wu ẹ̀yin náà láti jẹ́ ọdẹ?”

 Etí apá ẹ̀wù náà kan gbọ̀n.

“Kò sí ẹni tó bi mí rí,” ni ó wí.

Ọdẹ́rìnlọ dìde, ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ apá ẹ̀wù tó ṣófo yẹn, ó sì fi orúkọ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ibi yìí lọ, ẹ má ṣe retí kí n pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọkọ Ìbídùn ni màá máa pè é, n kò sì rí èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Igbó náà ṣínà fún un, nítorí kò mọ ẹni tó ń kọjá. Nígbà tó fi dé ẹ̀yìn ìlú, oòrùn ọjọ́ keje ti yẹ̀ lórí díẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ ti péjọ sábẹ́ igi àràbà. Wọ́n ti gbé ògbólógbòó ẹ̀wù rẹ̀ tó fi sílẹ̀ nílé kọ́ igi, wọ́n fi fìlà dé e. Ìbídùn jókòó lórí ẹní, gèlè rẹ̀ wà lórí orúnkún, ìyá àgbà méjì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí wọn yóò tú irun rẹ̀ bí wọ́n ti ń tú irun opó. Ọkọ Ìbídùn dúró sí ìdí igi kejì, ní òdìkejì ọ̀nà. Gbogbo ènìyàn rí i. Ògúndìran rí i, ojú rẹ̀ kan náà kò sì ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀wù kọ́ igi tán, ìdáhùn nìkan ló lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àṣà wọn nìyẹn.

Ògúndìran pe orúkọ náà. Ó fi oríkì kún un, títí dé ọ̀dọ̀ baba-ńlá. Ọkọ Ìbídùn mọ̀ ọ́n lára pé etí aṣọ kan rọra kàn án ní ọrùn látẹ̀yìn, ahọ́n rẹ̀ sì gbéra láti dáhùn bí ó ti ń dáhùn láti àádọ́ta ọdún. Ó pa ẹnu dé.

Gbogbo ọdẹ pè é lẹ́ẹ̀kejì, ogójì ọkùnrin nínú ohùn kan. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí òun ti fà yọ lẹ́nu ìwo ẹfọ̀n rí. Ó bu ahọ́n rẹ̀ jẹ títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n ń kùn láàárín ara wọn pé ẹni tó wà láàyè ló dúró yẹn, kí ló dé tí kò jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní bóyá ó ti fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ewúrẹ́. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ìpè kẹta, ìyàwó òkú ló ni ín. Ògúndìran yíjú sí Ìbídùn, ó ní, “Pè é. Orúkọ tí o fẹ́ nìyẹn.”

Ìbídùn dìde. Ó wo ọkùnrin tó wà nídìí igi. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ọkọ rẹ̀ sì rí i pé ètè rẹ̀ ti mú ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Kò lè sọ̀rọ̀, kò lè bẹ̀ ẹ́. Ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, kò sì sí nǹkan kan nínú wọn. Láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí Ìbídùn ti ń rí ọwọ́ wọ̀nyẹn kọjá sínú igbó, kò rí wọn lófìfo rí.

Ó pa ẹnu dé. Ó ṣí i padà.

“Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ dúró nídìí igi yẹn,” ni ó wí, “ta ni yín?”

“Èmi alára kò tíì mọ̀ ọ́n tán, Ìbídùn. Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí, ilé rẹ ni mo sì ń bọ̀.”

Ìbídùn rò ó díẹ̀. Ó ṣẹ́wọ́ sí àwọn ìyá àgbà náà kí wọ́n fi irun òun sílẹ̀, ó gbé gèlè, ó wé e bó ṣe máa ń wé e bó bá ń lọ sílé ìsìn, ó sì ní kí àlejò náà máa bọ̀.

Ògúndìran ní, “Ìbídùn, ìpè kẹta kù.”

“Mo mọ̀, bàbá. Ọ̀dọ̀ mi ló wà.”

Wọn kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Wọn kò lè gbé ẹ̀wù náà lọ sínú igbó, ìpè kò pé. Wọn kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Wọ́n yin ìbọn sókè, nítorí ẹ̀tù ti wà nínú rẹ̀, wọ́n sì túká. Abẹ́ àràbà náà ni ẹ̀wù ọ̀hún wà títí di òní. Òjò ń pa á, kò jẹrà.

Àwọn ọdẹ kì í kí ọkọ Ìbídùn, wọn kì í sì í ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹ́ lápá tàbí lẹ́sẹ̀, wọ́n á gbé e sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á kẹ̀yìn síbẹ̀ títí yóò fi tò ó tán. Òun a máa kí wọn ní gbogbo ìgbà. Èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n gbé lọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ń jà, gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya ti ń jà, Ìbídùn a máa fa èémí sínú nígbà mìíràn, a máa ṣí ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ọkọ rẹ̀ a dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń gbé nítòsí àràbà sọ fún mi pé ní irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, apá ẹ̀wù náà a máa gbéra díẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì ní í fẹ́.

Ìbídùn ti darúgbó báyìí. Ibà ń mú un, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ẹ bá mi rántí rẹ̀ nínú àdúrà yín kí ẹ tó lọ gbé ìkòkò yín padà sórí iná, nítorí ìtàn yìí tán lẹ́nu tèmi, ṣùgbọ́n kò tíì tán lẹ́nu Ìbídùn.